Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Bí mo bá ń ka àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde nípa ìbọn, òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí a ti ń sọ̀rọ̀ apátí tó bẹ́ẹ̀. Apátí tí mo ń wí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Nínú àyẹ̀wò tí kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, apátí nìkan lè gba odidi ìpínrọ̀ mẹ́ta: bí ó ti wúwo tó lábẹ́ ìka, bí ó ti rìn jìnnà tó kí ó tó já, bóyá ó ń yọ̀ tàbí ó ń ha. Òwe wa kò bìkítà fún ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Iwájú ẹnu ìbọn ni ẹni tí ó pa òwe náà dúró sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó kọ àyẹ̀wò wà. Irú ìwé kíkọ yìí, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lórí ìbọn ìléwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, kí a lè mọ ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ó ń fojú fò.

Òǹkàwé lè bi mí pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Òfin ìbọn ọdún 1959, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú. Láìsí ìwé àṣẹ láti ọwọ́ Ààrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in nílé. Ṣakabùlà tí ọdẹ ń gbé lọ sí igbó wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka àyẹ̀wò ìbọn ìléwọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo kò kà á láti lọ rà á. Bí ẹni ń ka lítíréṣọ̀ ni ó ṣe ń kà á, n kò sì rò pé àléébù ni èyí. Ẹni tí kò fẹ́ ra aṣọ ni ó máa ń gbọ́ ohùn aláṣọ yékéyéké.

Ohùn náà ní ibi tí ó ti ń wá. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdọọdún, àwọn oníṣòwò ìbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa pàdé níbi ìpàtẹ ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SHOT Show. Ìlú St. Louis ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1979, ṣùgbọ́n Las Vegas ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Kí ìpàtẹ náà tó ṣí, a máa ń kó àwọn akọ̀ròyìn lọ sí pápá ìyìnbọn kan nínú aṣálẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a tẹ́ ìbọn tuntun rẹ̀ sórí tábìlì, a gbé ọta tì í, a sì fi ẹni tí yóò máa ṣàlàyé síbẹ̀. Akọ̀ròyìn a gbé ìbọn, a yin ọta díẹ̀, a kọ nǹkan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, a sì kọjá sí tábìlì kejì. Láti inú ìṣẹ́jú mélòó kan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti ń jáde.

Bí a bá ka mẹ́wàá nínú wọn, a ó rí i pé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí ẹkún ìyàwó àti ìwúre ìsọmọlórúkọ ti ní ìlànà tiwọn. A ó ṣí páálí. A ó sọ bí ìbọn náà ti wúwo tó àti iye ọta tí àpò rẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yóò kan èèkù: ǹjẹ́ ó kún ọwọ́, ǹjẹ́ ó ń họ àtẹ́lẹwọ́, ǹjẹ́ àtàǹpàkò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé? Apátí ni yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ apátí, a ó yin ọta bíi 100 tàbí 200 sí ara bébà, a ó ka ihò, a ó wọn bí ihò kan ti jìnnà sí èkejì tó. Ìparí rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: olùyẹ̀wò á ní ìbọn yìí jẹ́ èyí tí òun lè gbé káàkiri, tí òun sì lè fi ẹ̀mí òun gbára lé.

N kò fẹ́ fi irú ìwé kíkọ yìí ṣẹ̀sín, nítorí ìmọ̀ wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n lè ṣàpèjúwe ohun tí ọwọ́ mọ̀ tó bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń ṣe é. Bí aláró ti ń fi ahọ́n tọ́ omi aró wò kí ó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ògbójú nínú wọn lè pa ojú rẹ̀ dé, kí ó fa apátí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ìbọn. Wọ́n máa ń ṣòótọ́ nípa iye ìgbà tí ọta há. Àwọn kan a máa sọ pé owó ìpolówó ọjà ló di àwọn ìwé ìròyìn náà lẹ́nu, nítorí ilé iṣẹ́ tí ó ni ìbọn ni ó tún ń sanwó ojú ìwé tí ó kọjú sí àyẹ̀wò. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Olùyẹ̀wò tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni yóò ṣe àṣìṣe kan náà, nítorí pé ibi tí ó dúró sí ni àṣìṣe náà ti ń bá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbọn kan tí òkìkí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rẹ̀ kàn jù. Gaston Glock, ọmọ ilẹ̀ Austríà tí ó kú ní 2023 ní ẹni ọdún 94, kì í ṣe oníbọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá ìkélé, ọ̀bẹ àti àwọn nǹkan oníke ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe kí ó tó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ ń wá ìbọn ìléwọ́ tuntun. Ní 1982, tirẹ̀ ni wọ́n mú. Ó pè é ní Glock 17. Ike líle ni ó fi ṣe èèkù rẹ̀ àti gbogbo ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Irin ni ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde àti apá òkè tí ń sún sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá dún. Láìsí ọta nínú rẹ̀, kò pé 700 gíráàmù. M1911 tí John Browning ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé láti 1911 kí wọ́n tó fi Beretta rọ́pò rẹ̀ ní 1985, wúwo tó nǹkan bíi 1,100. Ọta méje ni àpò ti Browning ń gbà. 17 ni ti Glock. Ohun kan tún yàtọ̀: Glock kò ní ìdènà tí a ń fi àtàǹpàkò tì sókè-sódò. Ahọ́n kékeré kan ni ó wà lára apátí fúnra rẹ̀, ìka tí ó bá fa apátí ni ó sì ń tú u sílẹ̀.

Nígbà tí ìbọn yìí dé Amẹ́ríkà, ohun tí ojú kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dúró lẹ́yìn ìbọn, àwọn àgbà oníbọn tí irin dúdú àti igi dídán ti mọ́ lára, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé abọ́ ike inú ilé ìdáná ni. Àwọn tí wọ́n wà níwájú ẹnu rẹ̀ gbọ́ ìròyìn mìíràn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1986, Jack Anderson, gbajúmọ̀ akọ̀ròyìn nígbà náà, kọ ọ́ pé Líbíyà ń wá ọ̀nà láti ra ìbọn oníke yìí, àti pé ó lè gba inú ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú kọjá kí ojú má tó o. Jìnnìjìnnì bá àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin, òfin kan sì jáde ní 1988 pé gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ ní irin tí ó tó láti hàn nínú ẹ̀rọ, ó kéré tán nǹkan bíi 105 gíráàmù. Irin tí ó wà lára Glock 17 ju ìlọ́po mẹ́ta èyí lọ. Òfin tí ìbẹ̀rù rẹ̀ bí kò fọwọ́ kàn án rárá. Síbẹ̀, ìtàn náà kò kú. Nínú fíìmù Die Hard 2 tí ó jáde ní 1990, ọlọ́pàá tí Bruce Willis ń ṣe sọ fún ọ̀gá kan ní pápákọ̀ pé Glock kan wà tí a fi tánganran ṣe ní Jámánì, tí ẹ̀rọ kò lè rí. Kò sí Glock onítánganran láyé, Glock kì í sì í ṣe ọmọ Jámánì.

Ẹ̀gàn àti ìbẹ̀rù ṣìnà pọ̀, orí ike kan náà ni wọ́n sì ti ṣìnà. Ike ni ohun tí ó jẹ́ tuntun lójú. Òun ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹjú mọ́. Ní oṣù Igbe 1986, àwọn ọlọ́ṣà méjì kọjú ìjà sí àwọn òṣìṣẹ́ FBI ní Miami, wọ́n sì pa méjì nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti ń yára kọ ìbọn àtijọ́ sílẹ̀, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí òkòtó, tí kì í gbà ju mẹ́fà lọ. Glock wà nítòsí, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó fúyẹ́, ó gba ọta púpọ̀. Ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn tí wọ́n ti bú u wá ń yìn ín, ohun tí wọ́n sì ń yìn jù ni pé kò ní wàhálà: gbé e, tọ́ ọ sí ibi tí o ń fẹ́, fa apátí.

Ohun tí a yìn yìí gan-an ni ọjọ́ yọ àṣírí rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá olú ìlú Amẹ́ríkà, Washington, gba Glock ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní oṣù Belu 1998, ìwé ìròyìn Washington Post tú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá palẹ̀, ó sì ròyìn pé ìbọn náà ti ṣèèṣì dún lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà ní ìgbà tí ó lé ní 120. Ọlọ́pàá 19 ni ó ti ṣèèṣì yìnbọn lu ara wọn tàbí lu ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìwé ìròyìn náà kò ní ìbọn bàjẹ́. Ìbọn náà ṣe ohun tí a ṣe é fún: a fa apátí, ó dún. Ṣùgbọ́n ìka tí àárẹ̀ mú ni ó fà á, tàbí ti ẹni tí ń sáré, tàbí ti ẹni tí ń tú u láti nù ún, tàbí ti ẹni tí a kò kọ́ dáadáa. Apátí tí ó fúyẹ́, tí kò ní ìdènà lọ́tọ̀, jẹ́ adùn lórí pápá ìyìnbọn. Ní ojú títì, ó ń béèrè ẹ̀kọ́ tí ìlú náà kò fún àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ ní ànító.

Ìlú New York gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ní kí a fi apátí tí ó wúwo ju ìlọ́po méjì ti àtilẹ̀wá lọ sí ìbọn àwọn ọlọ́pàá wọn, kí ìka má baà fà á láìròtẹ́lẹ̀. Ní oṣù Ògún 2012, níwájú ilé gíga Empire State, ọlọ́pàá méjì yìnbọn ní ìgbà 16 sí ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ènìyàn. Ọkùnrin náà kú. Àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n ń kọjá lọ sì fara gbọgbẹ́ láti ara ọta àwọn ọlọ́pàá tàbí àfọ́kù rẹ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, àwọn oníbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn pé apátí tí ó wúwo jù ni ó ń mú kí ọwọ́ yẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Washington, wọ́n ní apátí fúyẹ́. Ní New York, wọ́n ní ó wúwo. Lójú ẹni tí ó ń kọjá lọ ní tirẹ̀, ìbọn ní apátí, kò ní apátí.

A lè rò pé ìtàn Glock ti kọ́ àwọn olùyẹ̀wò ní sùúrù. Ní 2014, SIG Sauer gbé P320 jáde. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìbọn yìí dára púpọ̀: ohun tí òfin kà sí ìbọn gan-an jẹ́ egungun irin kékeré kan tí a lè yọ kúrò nínú èèkù, kí a sì gbé e sínú èèkù mìíràn tí ó tóbi tàbí tí ó kéré, bí ọwọ́ olówó bá ti rí. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dùn ún kà. Wọ́n yin èèkù, wọ́n sì yin apátí ju èèkù lọ. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2017, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yan irú rẹ̀ láti fi rọ́pò Beretta, nínú àdéhùn tí ó lè tó 580 mílíọ̀nù dọ́là. Ta ni yóò tún bèèrè ohun kan lẹ́yìn èyí?

Kò pé oṣù mẹ́jọ tí àwọn kan fi jẹ́ kí ìbọn náà jábọ́ lọ́nà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ó sì dún. Kò sí ìka lára apátí. Apátí náà wúwo díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ara ìbọn dúró lójijì lórí ilẹ̀, apátí kò dúró, ó bá ìrìn rẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹni pé ìka fà á. Ìbọn náà ti yege nínú ìdánwò ìjábọ́ tí àwọn oníbọn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí; ìdánwò náà ni kò ronú kan ọ̀nà ìjábọ́ yìí. Ní oṣù Ògún 2017, ilé iṣẹ́ náà kéde pé kí àwọn tí wọ́n ti rà á dá a padà láti gba apátí tuntun tí ó fúyẹ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ó ti dé kóòtù láti ìgbà náà lórí irú ìbọn yìí, ilé iṣẹ́ náà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ìbọn òun kì í dún bí a kò bá fa apátí. Iṣẹ́ adájọ́ ni èyí. Ohun tí ó kan alámèyítọ́ ni pé, fún ọdún mẹ́ta, àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ apátí ju ẹnikẹ́ni láyé lọ ń fi ìka tọ́ apátí kan wò, wọ́n ń ṣàpèjúwe adùn rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀ tí ìka wọn kò lè rí.

Kí ló dé tí kò fi lè rí i? Ẹ wo pápá ìyìnbọn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kọjú sí apá kan. Ilẹ̀ tẹ́jú, ojú ọjọ́ mọ́, ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Ìbọn kò jábọ́, ọmọdé kò sí nítòsí, kò sí ẹni tí ó mutí, kò sí ìyàwó àti ọkọ tí ń jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ènìyàn kankan ní iwájú ẹnu ìbọn, bébà ni. A ti yọ gbogbo ohun tí a ń fi ìbọn ṣe láyé kúrò, a wá ń yẹ ìbọn wò. Bí ẹni tí ó yẹ ọkọ̀ wò nínú gáréèjì láìgbé e sí ojú ọ̀nà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn oníbọn Amẹ́ríkà fúnra wọn. Jeff Cooper, ajagunfẹ̀yìntì tí ó kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwé ìròyìn Guns & Ammo, tí ó sì fẹ́ràn M1911 ju gbogbo ìbọn lọ, fi òfin mẹ́rin sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ títí di òní. Àkọ́kọ́ ni pé kí a máa ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ kọjú ẹnu ìbọn sí ohunkóhun tí a kò fẹ́ pa run. Bí ẹni bá fara balẹ̀ gbọ́ òfin kejì yìí, òwe wa ni, láti ẹ̀yìn ìbọn. Ẹni tí ó di èèkù mú ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ẹni tí ẹnu ìbọn kọjú sí ń sọ ọ́ fún ayé. Ìmọ̀ náà wà nílé wọn. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi í sí. Kò wọ inú àyẹ̀wò.

Àwọn ọdẹ tiwa ní ọ̀nà mìíràn láti yin ohun tí ó lè pani. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá rí, tàbí tí ó ti ka èyí tí Adébóyè Babalọlá kó jọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1966, mọ̀ pé ọdẹ kì í yin erin tàbí ẹkùn kí ó má sọ ewu rẹ̀. Ẹwà ara ẹranko náà wà nínú oríkì, ìwà rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí ó fi ojú ọdẹ rí náà wà níbẹ̀. Oríkì kì í ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti bá nǹkan gbé, tí ó ti sá fún un, tí ó ti sin ẹni tí ó pa, ni ó ń ki í. Bí a bá ní ìwà lẹwà, ohun tí a ń sọ ni pé ojú ọjọ́ kan kò lè rí ẹwà tán.

Ògún tí ó ni irin kò bọ́ nínú èyí. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ó ti ogun dé Ìrè, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n pé jọ sí, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, agbè ẹmu sì wà nílẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè, òfìfo ni. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ìwọ̀sí, ó sì fi idà ṣán wọn, kò mọ̀ pé ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí ni ó gbà gbọ́, idà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi ìtàn yìí pamọ́ nítorí wọ́n ń bọ Ògún. Inú ìyìn rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Kò sí àyẹ̀wò ohun ìjà tí mo mọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó o: idà náà mú, ọwọ́ náà le, àwọn tí ó pa sì jẹ́ ènìyàn rẹ̀.

N kò sọ èyí kí a lè máa gbéra ga. Àwa náà ní àléébù tiwa, òdìkejì ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Iwájú ẹnu ìbọn nìkan ni a ń wò. Nínú ìròyìn wa, 'ìbọn pélébé' ni gbogbo ìbọn ìléwọ́ ń jẹ́: wọ́n bá ìbọn pélébé lọ́wọ́ afurasí, ó parí. Irú wo? Ta ni ó ṣe é? Ṣé alágbẹ̀dẹ àdúgbò ni tàbí ilé iṣẹ́ òkè òkun? Ọwọ́ mélòó ni ó ti gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀nà Ìfẹ̀? Ẹni tí gbogbo ìbọn jọ ara wọn lójú rẹ̀ kò lè béèrè ìbéèrè wọ̀nyí. Ohun tí ó ṣe Amẹ́ríkà ní 1986 nìyẹn pẹ̀lú: àwọn tí ẹ̀rù bà kò mọ ìbọn, wọ́n gba ìtàn tánganran gbọ́, wọ́n sì bá ike jà nígbà tí apátí ń bọ̀ wá bá wọn. Òwe wa kò ní kí a má mọ apátí. Ohun tí ó sọ ni pé mímọ̀ ọ́n kò sọ ẹnu ìbọn di ẹnu ọ̀nà.

Ìbọn oníke tí a ń bẹ̀rù wá dé nígbẹ̀yìn, ní oṣù Èbìbí 2013, láti Texas. Cody Wilson pè é ní Liberator, ẹ̀rọ tí ń fi ike yọ́ mọ nǹkan ni ó fi ṣe é, ó sì fi irin kan sínú rẹ̀ kí òfin 1988 má baà mú òun. Ẹni tí ó bá fi ìlànà àyẹ̀wò wò ó, ẹ̀rín ni yóò rín: ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà, èèkù rẹ̀ burẹ́wà, apátí rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni Wilson gbé jáde, àwòrán ìbọn ni ó fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìjọba tó ní kí ó yọ ọ́ kúrò, láàárín ọjọ́ méjì, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà ní ìgbà tí ó lé ní 100,000. Èyí kò ní èèkù tí a lè dì mú. Ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi èèkù kò ní ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀.

Bí mo bá ní láti gba àwọn olùyẹ̀wò nímọ̀ràn, n kò ní sọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n máa wọn apátí lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láti sọ ibi tí ìbọn tí wọ́n yìn ti dé, irú ọwọ́ tí ó bọ́ sí àti ẹni tí ó kọjú sí. Kí wọ́n sì kúrò lẹ́yìn tábìlì, kí wọ́n rìn lọ sí ibi tí bébà wà, kí wọ́n yí ojú padà, kí wọ́n wo ìbọn náà láti ibẹ̀. Àwọn àgbà tún ní, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ti tẹ èèkù láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè ni ó kù.